Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára fáìlì tí mo dà kọ

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ara mi kò sì tíì balẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú ní Ṣómólú mọ bí a ti ń ṣe é: oníbàárà á gbé iṣẹ́ wá ní Ọjọ́rú, á ní òun fẹ́ gbà á ní Ọjọ́bọ̀, àwa náà á ṣí fáìlì CorelDRAW (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé) ti olóògbé mìíràn, a ó dà á kọ, a ó pààrọ̀ orúkọ àti àwòrán. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ; ta ni yóò máa to ojú ìwé 16 láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí òkú tí wọn yóò sin lọ́la?

Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá orúkọ ìyá ti tẹ́lẹ̀ níbi gbogbo, kí ó fi ti ìyá tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣe é. Àmọ́ ìdágbére tó wà ní ìparí ìtàn ìgbésí ayé kò dárúkọ àbísọ rárá. “Ìyá Ìbejì, ó dìgbóṣe” ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi fúnra mi sì ti sọ gbólóhùn náà di curves nígbà náà, torí pé kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì tó ń gbé àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti di curves, àwòrán ni. Ìwákiri kò lè rí i mọ́.

Mo wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń retí owó mi tó kù. Àkọ́bí olóògbé ló ń ka ìtàn náà, omijé ti bò ó lójú, ó kàn ń kà á lọ ni. Ó ka “Ìyá Ìbejì, ó dìgbóṣe,” ó sì dákẹ́ lójijì. Ìyá tirẹ̀ kò bí ìbejì rí. Orogún ìyá rẹ̀ ló bí ìbejì, ó sì jókòó sórí àga kejì níwájú, nínú aṣọ ẹbí. Mo rí i tí gèlè ńlá yẹn yí padà díẹ̀díẹ̀. “Ṣé èmi ni ẹ ń sin ni?” Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ìró ìwé tí àwọn ènìyàn ń ṣí wò nìkan ni mo ń gbọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún 300 ẹ̀dà tẹ̀ lówó ara mi fún ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n sì dárí jì mí. (Àbúrò olóògbé ti ka iṣẹ́ náà, ó ti fọwọ́ sí i kí a tó tẹ̀ ẹ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da iṣẹ́ tó ti parí kọ mọ́. Ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe èyí tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, ẹ fi ìràwọ̀ pupa mẹ́ta sí gbogbo ibi tí orúkọ, oríkì àti ọjọ́ yẹ kí ó wà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí template, ìyẹn àwòṣe tí ẹ ó máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, kì í ṣe fáìlì lásán. Orúkọ ẹlòmíràn jọ iṣẹ́ tó pé, ojú á fò ó. Ìràwọ̀ pupa kò ṣe é fò. Bí ọ̀rọ̀ bá máa di curves, ẹ̀dà tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé nìkan ni kí ẹ ṣe é sí. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan kà á sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìràwọ̀ yẹn gan-an ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ti bàbá kan ló wà níwájú mi báyìí. Ibi 21 ni mo fi ìràwọ̀ sí. Ó ku méjì tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.