Àyẹ̀wò ọdún 2025: ọdún tí Màmá gba áwọ́ọ̀dù

Ẹ bi mí ohun tí mo fi oṣù Kìíní ṣe, mi ò mọ̀. Oṣù Kejì? Mo rántí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi kú, ó jí, ó tún kú. Póòpù Francis lọ ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, 21 oṣù Kẹrin. Nígbà tó fi máa di 8 oṣù Karùn-ún, Leo Kẹrìnlá ti gorí àga, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀. Gbogbo ayé ń wo èéfín funfun lórí òrùlé ní Róòmù, fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin lèmi ń wò lórí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó mi ní ká ní mo wo òun báyẹn rí ni, à bá ti bí ọmọ kẹfà. Fọ́ọ̀mù yẹn ló jẹ ọdún mi tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ mọ Màmá, tíṣà wa àtijọ́, nítorí náà mi ò ní tún ìtàn etí mi tó fà níwájú àwọn àna mi sọ. Òun ló kọ́ èmi àti Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, ní praímárì kìíní, ó kọ́ àwọn àbúrò wa, ó sì tún kọ́ ọmọ àwọn tó kọ́. Kérésì èṣí, níbi tá a ti ń jà sí ẹsẹ̀ adìẹ, ni Bọ̀dá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Párísì wa ti kéde pé àwọn tún fẹ́ yẹ́ àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì àdúgbò wa sí. Bọ̀dá ní, "Ẹni tó kọ́ wa ní físíìsì ti gbà á. Ẹni tó kọ́ wa ní máàsì ti gbà á. Ẹni tó kọ́ wa bá a ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú ńkọ́? Àbí wọ́n bí i mọ́ wa ni?" Kí n tó fèsì, ó ti mú ẹsẹ̀ adìẹ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ṣe dé ilé mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́: èsì WAEC àwọn ọmọ tí tíṣà náà kọ́ láàárín ọdún márùn-ún. Ọmọ praímárì kìíní! Èsì wo la fẹ́ kọ? Pé ẹni tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ti jáwọ́? Wọ́n tún béèrè ife-ẹ̀yẹ tí kíláàsì rẹ̀ gbà níbi ìdíje. Wọ́n béèrè irú ẹ̀rọ ìgbàlódé tó fi ń kọ́ni. Bọ̀dá gba báírò lọ́wọ́ mi, ó kọ "Ojú" síbẹ̀. Ẹni tí Màmá bá kọ́ yóò gbà pé irọ́ kọ́. Obìnrin yẹn kò na ẹnikẹ́ni rí lójú mi. Ó kàn máa wò ọ́ ni, ìwọ náà á lọ mú ohun tó o jí padà wá.

Àmọ́ ìbéèrè kan ló fẹ́ fọ́ ìgbìmọ̀ áwọ́ọ̀dù párísì wa sí méjì: ọdún mélòó ni tíṣà yìí ti lò ní ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì? Ó dà bí ìbéèrè kékeré. Abẹ́ Míṣọ́ọ̀nù ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, R.C.M., ìyẹn Roman Catholic Mission, ló wà lára pátákó tó wà lẹ́nu géètì. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. R.C.M. kò kúrò lára pátákó, Màmá kò kúrò ní kíláàsì, ẹni tó ń sanwó oṣù nìkan ló yí padà. Ní Èkó, ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ padà fún àwọn tó ni ín ní 2001, St. Gregory's ní Ọ̀báléńdé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, wà lára wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ìjọba ló ń yan ọ̀gá síbẹ̀.

Ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ bá ní ọdún díẹ̀ tó ṣáájú kí ìjọba tó dé nìkan la lè kà fún Màmá, pẹ̀lú èyí tó lò ní nọ́sìrì párísì lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Àwọn yòókù, ó ní ti ìjọba ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Màmá fúnra rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Nígbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́, ṣé wọ́n gba ẹnu mi ni?" Ó ní láràárọ̀ lòun ń bá àwọn ọmọ ka "Mo kí ọ, Màríà", àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó tó ìdajì kíláàsì máa ń dúró jẹ́ẹ́, tó bá sì di ọ̀sán Jímọ̀, òun náà lòun ń lé wọn jáde kí wọ́n má bàa pẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo lọ kà á fún ìgbìmọ̀. Fádà rẹ́rìn-ín, ó ní ká ka gbogbo ọdún náà. Lójú tèmi, ìdájọ́ tó tọ́ nìyẹn. Bá a bá ní ẹni tí ìjọ ń sanwó fún nìkan ni tíṣà Kátólíìkì, iṣẹ́ ìran méjì odindi la máa kó dànù, ìyẹn àwọn tó dúró síbẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan dàrú.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé oríyìn. Ẹ mọ̀ mí. Ẹni tí wọ́n bi ní aago tó máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe aago. Látorí àwọn Àgùdà tó ti ilẹ̀ Brazil padà sí Èkó ni mo ti gbéra. Mo sọ̀rọ̀ nípa Padre Antonio tó ń kó wọn jọ sí àdúrà nígbà tí kò sí àlùfáà kankan, mo sọ̀rọ̀ nípa Fádà Pierre Bouche tó dé ní 1868, ojú ewé kejì sì ti ń lọ tán, Màmá kò tíì yọjú. Bọ̀dá fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́: "Ṣé Padre là ń fún láwọ́ọ̀dù ni?" Ó fa ìlà sí gbogbo rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló dá sí, ibi tí mo ti sọ pé tíṣà Kátólíìkì ọmọ Abẹ́òkúta ni J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé. Ó kọ síbẹ̀ pé, "Èyí dúró. Òun ló fi kọ́ wa."

Oṣù Kẹta ni Bọ̀dá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì náà kò tíì yí padà. Mi ò ní sọ púpọ̀. Ó jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ó sì wá ibi tí mi ò lè sìn ín dé lọ. Ó pẹ́ kí n tó lè fọwọ́ kan fáìlì náà. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn, òun náà á sì dá mi lóhùn bíi pé ó gbà mí gbọ́.

Ohun tó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ rèé. Ìyàwó Bọ̀dá ní kí n wá ka ìwé ìbánikẹ́dùn kí òun lè mọ àwọn tí òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń ṣí i lọ, mo ń ṣí i lọ, ọwọ́ ìkọ̀wé kan ń pàdé mi ṣáá. Ìrù "g" á sọ̀ kalẹ̀, á ṣẹ́rí padà sápá òsì, á wá la ara rẹ̀ kọjá kó tó kan lẹ́tà tó kàn. Abẹ́ "ẹ" àti "ọ" kì í ṣe àmì tóótó, ìlà kúkúrú tó dúró ṣánṣán ni, ó lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà pẹ́kípẹ́kí. Mo ṣíjú wo orúkọ. Ọ̀gá báńkì kan. Ojú ewé kejì, ẹni tó ń lẹ táyà ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Alhaja tó ń ta léèsì. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bùọ̀dá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ tí ìrù "g" rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo gbọ́ ohùn Màmá létí: "Ẹ má gún un, ẹ fà á!" Báírò pupa Bọ̀dá lára ìwé mi, bákan náà ni. Tèmi náà, mo wò ó, bákan náà ni.

Mo ya fọ́tò àwọn ojú ewé náà, mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo fi pín-ìn-nì dè wọ́n mọ́ fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti béèrè fún ẹ̀rí. Ìwé oríyìn wá di ojú ewé kan péré, tó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Màmá. Ọmọ tó bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bi mí pé ṣé òpin rẹ̀ nìyẹn. Mo ní Bọ̀dá ti fa ìlà sí ìyókù.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lọ́dún yìí, nítorí náà Mísà àti áwọ́ọ̀dù papọ̀. Fádà wàásù lórí Jòhánù Mímọ́ de La Salle, àlùfáà ilẹ̀ Faransé tí Póòpù Pius Kejìlá fi ṣe alábòójútó àwọn olùkọ́ ní 1950. Ó ní ní ayé ìgbà tí Látíìnì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, èdè tí àwọn ọmọ tálákà ń sọ nílé ni de La Salle kọ́kọ́ fi kọ́ wọn. Ni Màmá bá mi orí. Ó jọ pé ó ti ń retí kí ẹnìkan sọ ọ́.

Wọ́n gbé áwọ́ọ̀dù onígíláàsì fún un, pẹ̀lú agogo ara ògiri àti àpò ìwé kan tí gbogbo wa ń fojú wọn bó ṣe ga tó. Màmá kò wo àpò ìwé. Ó gbé gíláàsì náà súnmọ́ ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àwọn àmì abẹ́ orúkọ mi dà?" Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó na ọwọ́ títí wọ́n fi wá máákà fún un, ló bá fà wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ló gba máìkì, ó ní kí gbogbo ìjọ jókòó dáadáa. Ẹ̀yìn Fádà náà nà.

Ìgbà tí mo ń mú un sọ̀kalẹ̀ ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?" Wọ́n ti sọ fún un ní oṣù Kẹta, ó tilẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lásìkò yìí. Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, láti praímárì kìíní ló ti ń pẹ́ dé. Mo lọ wá ìrẹsì jẹ. Ìrẹsì náà dùn o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin Ìyá Ìjọ; ẹran rẹ̀ le ni, ìyẹn ló fà á tí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n ṣe Júbílì àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Róòmù, Póòpù Leo sì kọ lẹ́tà lórí ètò ẹ̀kọ́ láti fi sàmì ọgọ́ta ọdún ìwé tí Àpérò Vatican Kejì gbé jáde ní 1965. Nígbà tó di 1 oṣù Kọkànlá, ó sọ John Henry Newman di Dókítà Ìjọ, ìyẹn oyè tí wọ́n ń fún ẹni mímọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ta yọ, ó sì fi òun àti Thomas Aquinas ṣe alábòójútó iṣẹ́ ẹ̀kọ́ Kátólíìkì. Mo kà á fún Màmá. Mo sọ fún un pé Oxford ni Newman ti jẹ́ olùkọ́, Aquinas kọ́ni ní yunifásítì Paris. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ta ló kọ́ àwọn méjèèjì ní A, B, D?" Mi ò rí èsì fún un. Bí ẹnì kan bá mọ bá a ṣe ń kọ̀wé sí Póòpù, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ọpẹ́ ọdún yìí pọ̀. Ìyàwó mi tó gbọ́ ìwé oríyìn láìmọye ìgbà tí kò sì fi mí sílẹ̀. Ìyàwó Bọ̀dá tó ṣí ìwé náà fún mi. Sísítà tó wá rẹ́jísítà àtijọ́ Màmá kàn nínú àpótí tí ikán ti ń jẹ.

2026 ńkọ́? Mi ò fẹ́ fọ́nnu. Wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀, ìyẹn ni pé ìpàdé máa gùn. Mo ti yọ ìbéèrè WAEC kúrò fún àwọn tíṣà praímárì, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀: ẹ mú ohun kan wá tí ọmọ tó kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mo tún ní ká máa béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó bá fa ẹnì kan kalẹ̀ ìgbà tí wọ́n sanwó oṣù onítọ̀hún kẹ́yìn, nítorí ibì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n ti fún tíṣà ní ìwé ẹ̀rí ìmọrírì nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ húkọ́. A ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Màmá ti fi orúkọ àwọn tó fẹ́ ká wò lọ́dún tó ń bọ̀ ránṣẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, gbogbo àmì pé. Orúkọ mẹ́ta ni, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Mo pè é, mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti gbà á kì í gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí n mú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí wá fún òun kà.