Ẹ̀rọ Omi Tí Ò Dún

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má bi mí bóyá mo ti fọwọ́ lónìí. Mo ti fọ̀ ọ́. Mo tún ti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọwọ́ bí ẹni tó pààyàn, awọ ọwọ́ mi ti ń bó, tí mo bá sì ti dé ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì báyìí, màá kọ́kọ́ fọwọ́ pa àyà wò bóyá nǹkan kan há sí mi lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìtàn ìṣègùn ni o, kì í ṣe ìṣègùn fúnra ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i, àmọ́ mo lè sọ ohun tí Galen, dókítà ayé àtijọ́ yẹn, ì bá sọ nípa ẹ̀ fún yín, á sì sú yín débi tí ẹ máa gbàgbé pé ẹ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìtàn dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Lẹ́kítọ̀ tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún nìyẹn, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo máa ń wọ̀ sí i. Ọdún 1847, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀, àwọn dókítà àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ló ni ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí ló ni ìkejì. Wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ni ikú wà. Lóṣù April ọdún yẹn, ìyá ọmọ tó kú níbẹ̀ lé ní 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ibà lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa wọ́n, àwọn obìnrin sì mọ̀, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀, àwọn míì gbà kí wọ́n kúkú bímọ sójú títì. Semmelweis wádìí títí, ó tiẹ̀ fura sí àlùfáà tó máa ń gba wọ́ọ̀dù yẹn kọjá lọ gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ, tí ẹnì kan á máa lu agogo níwájú ẹ̀, ó ní bóyá ìbẹ̀rù agogo yẹn ló ń pa wọ́n. Wọ́n dá agogo dúró. Ikú ò dúró. Àfìgbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, Kolletschka, ń tú òkú wò tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣèèṣì ha á níka, tí irú àìsàn yẹn gan-an sì pa òun náà, ni ojú Semmelweis tó là. Ọwọ́ ni! Ibi tí àwọn dókítà ti ń tú òkú ni wọ́n ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí.

Ẹ wò mí, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́kítọ̀. Ẹ máà bínú.

Orí ìka Kolletschka yẹn ni mo dá ìtàn dúró sí, mo ní kí wọ́n lọ sinmi ìṣẹ́jú méje. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ara wọn lè wà lọ́nà. Kò sẹ́ni tó dìde. Èmi ni ìtọ̀ ń gbọ̀n, mo sáré jáde. Máíkì kékeré tí wọ́n fi há mi lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì bá mi sáré.

Máíkì tí mò ń sọ yìí, tí mo bá dúró síwájú kíláàsì tí mo ń pariwo, kíkú ló máa ń kú. Ọjọ́ yẹn ló rántí pé òun lágbára. Ògiri mẹ́ta ló gbé ohùn mi kọjá.

Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí, bí wọ́n ṣe rò ó fún mi lẹ́yìn náà (gbogbo wọn ló rò ó, kò sẹ́ni tó ṣàánú mi): Ilẹ̀kùn. Síìpù. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ṣọ̀ọ̀rọ̀ọ̀, ó pẹ́ o, ẹnì kan ní òun rò pé òjò ni. Èmi sì ń dánú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, torí mò ń dánra wò lórí gbólóhùn tí mo fẹ́ fi kádìí lẹ́kítọ̀. "Ẹ wo ọwọ́ yín!" Mo ní rárá, ó le jù. Mo wá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti òṣèré: "Ẹ wo... ọwọ́ yín. Ọwọ́ tó fẹ́ wò yín sàn, òun náà ló ń pa yín." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dáa báyìí. Mo fa omi ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀kùn dún gbàm̀.

Láàárín omi tí mo fà àti ilẹ̀kùn tó dún, kò sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí yìí díẹ̀, torí ibí yìí gan-an ni mò ń jí rí lóru. Ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń retí ẹ̀rọ omi. Ọmọ kan ní òun dijú, òun ń sọ ọ́ sínú pé "ẹ fọ̀ ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọ̀ ọ́." Nígbà tí ilẹ̀kùn wá dún, gbogbo wọn ló jọ ké "Háà!" Mo gbọ́ "Háà" yẹn látọ̀nà. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ń kẹ́dùn Kolletschka.

Ẹ má sì ní kò sómi ni. Omi wà. Ọṣẹ wà. Wọ́n tún lẹ bébà kan sókè ọṣẹ, tó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ dáadáa. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Gbólóhùn tó wà lẹ́nu mi ni mi ò fẹ́ kó tutù mọ́ mi lẹ́nu, mo kàn ń sáré padà ni.

Mo wọlé, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo ní, "Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ yín lára." Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú wá fi ìka kan ṣoṣo rọra ti ìgò sanitizer ẹ̀ wá sétí tábìlì, níwájú mi gan-an. Ọlọ́run ló ń fún mi láǹfààní yẹn o, àmọ́ èmi rò pé ọmọ náà fẹ́ kí n fi ṣàpèjúwe ni, mo bá gbé ìgò náà sókè gàgàrà, mo ní, "Ẹ wò ó! Ohun tí wọn ò ní ní Vienna!" Mo sì gbé e padà síbi tó wà. Mi ò ṣí i.

Mo sọ̀rọ̀ dé oṣù May tí Semmelweis gbé omi kiloríìnì sílẹ̀ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n máa fi fọwọ́, mo sọ̀rọ̀ dé July tí ẹni tó ń kú ò ju ẹyọ kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo wá dé orí gbólóhùn mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wo..."

Gbogbo gbọ̀ngàn: "...ọwọ́ yín."

Ohùn yẹn gẹ́lẹ́! Ẹ gbà mí o, omi lé sójú mi. Mo ní èmi ni olùkọ́ yìí.

Ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó ń tú máíkì kúrò lọ́rùn mi, ìka méjì ló sì fi mú un, bí ẹni mú òkú eku nírù.

"Sà, máíkì yín ò kú o."

"Kí ló dé tí o ò pa á?"

"Mo rò pé ara lẹ́kítọ̀ ni, sà. Mo tiẹ̀ bá yín yí i sókè."

Kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé òkè. Òkè ni àwọn dókítà gidi wà, àwọn tó ń wò wá bí ẹni ń wo ẹni tó ń tọ́jú ilé àtijọ́. Oníṣẹ́ abẹ kan wà lára wọn tí kò bọ́ àtẹ̀gùn wálẹ̀ wá kí wa rí. Ọjọ́ yẹn ló wá. Ìgbọ̀nwọ́ ló nà sí mi pé ká fi bọra wa. Mo gbà, mo jẹ̀bi. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì sí i, mo wà nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ta ló wọlé? Ó ṣe tiẹ̀ tán, ó fi orí ìka mẹ́ta kan omi bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná, ó fi nu ṣòkòtò, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ abẹ o!

Ìtìjú kúrò lára mi lójú ẹsẹ̀. Ṣebí kíkà ni Semmelweis náà ka òkú? Mo ra ìwé jọ́tà kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣèwádìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹnì kan tó ń kọ́ni nípa kòkòrò àrùn wà lójú ewé méjì. Mo tiẹ̀ fẹ́ kọ lẹ́tà gbangba sí gbogbo wọn bí Semmelweis ṣe kọ ọ́, tó ń pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní apààyàn, ìyàwó mi ló rán mi létí ibi tó parí ẹ̀ sí lọ́dún 1865. Ilé wèrè ni. Egbò ló sì pa á níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pa lẹ́tà tì.

Ìdánwò wá dé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn dókítà ìgbà yẹn ò gba ọ̀rọ̀ Semmelweis. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ò kọ ju ìlà kan lọ: "Mímọ̀ ò ní kí èèyàn fọ̀ ọ́, ó ṣẹlẹ̀ lójú wa." Mo fún un ní gbogbo máàkì. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá wa, olórí ẹ̀ka, ká mi mọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, jọ́tà lọ́wọ́, bírò létí. Wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ yíjú wò mí.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ìwádìí ni, Prof."

Wọ́n wò mí lókè wò mí nílẹ̀, wọ́n wo jọ́tà, wọ́n fa síìpù sókè kíá, wọ́n sì sáré jáde bí ẹni rí iwin. Ilẹ̀kùn dún gbàm̀.

Mo yọ bírò létí.