Ẹ tú èémí yín síta dáadáa: ohun tí òkè Láfẹ́ńwá kọ́ mi

Ẹ̀yin tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ l'Ábẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé kò síbi téèyàn fẹ́ gbà tí ò ní bá òkè pàdé. Mo gun ti Láfẹ́ńwá láàárọ̀ yìí, látorí bíríìjì odò Ògùn títí wọ àárín ìlú, mi ò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Inú mi dùn débi pé mi ò tíì wẹ̀ tí mo fi jókòó kọ èyí.

Torí òkè yẹn náà ló dójú tì mí lọ́jọ́ ọjà. Mo dé ìdajì ẹ̀ ni èémí bá há mi lọ́fun. Mò ń fà á, mò ń fà á, kò wọlé. Àyà mi le koko, èjìká mi ti gòkè fẹ́ẹ̀ kan etí, ìhà ọ̀tún ń gún mi, òòyì ń kọ́ mi, tírélà kan wá ń fun fèrè lẹ́yìn mi bí ẹni pé èmi ni mo ni títì, mo ní kí n yà fún un, ni mo bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá kan tó ń ta tòmátò. Èrò pé lé mi lórí. Gbogbo wọn ń pariwo "Fa èémí! Fa èémí!" bí mo sì ṣe ń fà á náà ló ń burú sí i. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ìyá yẹn ṣáà ń bu omi sí mi lórí, ó ń sọ pé "Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, rọra." Ọlọ́run á bá mi bù kún un.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé ikọ́ fée ló ń ṣe mí. Rárá o, dókítà ti yẹ̀ mí wò, kò sóhun tó jọ ọ́. (Ẹni tó bá ní in lóòótọ́, kó gbọ́ ti dókítà ẹ̀ ṣáájú tèmi.)

Ẹ̀gbọ́n kan tá a máa ń pàdé ní Kútọ̀ ló là mí lójú: "Ìwọ ṣáà tú u jáde ná." Àgbá tó kún, kò sẹ́ni tó lè pọnmi sí i mọ́. Téèyàn bá ń fà á kéékèèké lórí èyí tí ò tíì jáde, ibo ni tuntun fẹ́ gbà wọlé? Carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ara ń tú síta, tó kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ń mú kí ọpọlọ máa pariwo pé èémí ò tó. Ẹ tú u síta kó pẹ́, títí ikùn á fi wọnú, èyí tó kàn á wọlé fúnra ẹ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ kà á: tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà á, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tú u. Tí òkè bá le, ẹ dín in kù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí títú jáde gùn ju fífà lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní nílé, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, ikùn ni kó máa gòkè, kì í ṣe àyà. Iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kò sì ráyè ṣe é téèyàn bá ká gúlútú sórí kẹ̀kẹ́, torí náà ẹ na ẹ̀yìn, ẹ dẹ ìgúnpá, ẹ sọ èjìká kalẹ̀.

Ẹ ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tírélà tó ń rú èéfín lọ ṣáájú. Nígbà ọyẹ́, imú ni kí ẹ máa fi mí níbi tó bá tẹ́jú, torí eruku, àmọ́ lórí òkè ẹ la ẹnu jàre, imú nìkan ò lè gbé e. Ẹ sì má gbàgbé títú jáde o, kódà níbi tó tẹ́jú, torí ibẹ̀ lèémí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú kéèyàn tó fura.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé kẹ̀kẹ́ tuntun ni mo rà o. Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni, ṣéènì ẹ̀ ṣì ń yọ títí di àárọ̀ yìí.