Ọba Kan Ń Bẹ ní Oníkan

Danfó Yábàá sí CMS ni mo wọ̀. Kọ̀ńdọ́ so èmi àti ọkùnrin kan pọ̀ torí ṣéńjì, a wá ẹni bá wa ṣẹ́ owó títí òógùn fi bò wá. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń dúró dè mí ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé ni wọ́n, wọn ò sì gbà ká lọ sí mùsíọ́ọ̀mù láìkọ́kọ́ yà ní Ìga Ìdúngànran. Ìta la dúró sí o, ààfin ọba ṣì ni. Màmá ní oko ata Arómirẹ ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, òun ni orúkọ yẹn ń wí. Ata! Àtikékeré ni mo ti ń pè é, n ò mọ̀ pé oko ata ni mò ń pè.

A wọ kọ́rópe dé Oníkan. Láti 1957 ni mùsíọ́ọ̀mù yìí ti wà. Ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 1976 lọ̀pọ̀ èèyàn ń wá wò. Mo wò ó, mo kọjá. Ère Bìní ló gbé mi wá. Ààfin ọba Bìní làwọn Òyìnbó ti jí irú wọn kó ní 1897. Netherlands dá 119 padà fún Nàìjíríà ní 2025, Oníkan yìí náà ni wọ́n ti ṣayẹyẹ ẹ̀.

A dé iwájú orí ọba kan tí wọ́n fi idẹ rọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀ ga bo àgbọ̀n, ó kù díẹ̀ kó kan ètè. Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ya gbogbo ẹ̀ sórí amọ̀, wọ́n á fi amọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á finá yọ́ ìda náà jáde, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ síbi tó fi sílẹ̀. Wọ́n á wá fọ́ amọ̀ òkè. Irú kan kì í jẹ́ méjì.

Ibi tí mo ti ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ti gbọ́: "Kábíyèsí o!"

Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ iléèwé kan bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ère mà ni."

"Ta ló ní n ò mọ̀? Ṣé Bìní kọ́ ni àwọn ọba wa ti ń gbàṣẹ láyé àtijọ́? Kí n wá rí ìbátan ọba mi, kí n máa wò ó bọ̀ọ̀?"

Wọ́n nawọ́ kí n fà wọ́n dìde. Wọ́n tún ìró ró, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ó kàn ẹ́. Dọ̀bálẹ̀."

Mo wo ilẹ̀, mo wo ṣòkòtò funfun tí mo wọ̀.