"Gbẹ" Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Tèmi ni "gbẹ", tí a máa ń sáré fi túmọ̀ "dry" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ibi ìfọwọ́. Mo kọ ọ́ pé: "Fọ ọwọ́ rẹ, gbẹ ọwọ́ rẹ." Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ wá fi àmì òkè lé "gbẹ" lórí. Ó di pé kí àwọn èèyàn fọ ọwọ́ tán, kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ ère.

Mo fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọ̀gá mi kò gbà. Ó ní bí kò bá tiẹ̀ sí àmì yẹn, gbólóhùn mi ti wọ́ tẹ́lẹ̀. A kì í gbẹ ọwọ́. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ, nínù ni iṣẹ́ tiwa: "Nu ọwọ́ rẹ kó gbẹ." Aṣọ náà ńkọ́? Sísá là ń sá a, ó lè gbẹ, ó sì lè má gbẹ. "Mo ti sá aṣọ láti àárọ̀, kò tíì gbẹ." Òùngbẹ nìkan ni mo mọ̀ tó ń gbẹ èèyàn fàlàlà, tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Láti ìgbà náà, kí n tó kọ "gbẹ", mo máa ń bi ara mi pé báwo ni nǹkan ọ̀hún ṣe rí kó tó gbẹ. Ẹ wo ewé. Ó kọ́kọ́ tutù, ó wá rọ, kó tó gbẹ. Èyí tó rọ ṣì ní omi díẹ̀ lára, ó lè jí bí a bá bomi rin igi rẹ̀. Èyí tó gbẹ, ẹ fọwọ́ kàn án, á rún wómúwómú. Ẹni tó bá pe ewé tó rọ ní ewé gbígbẹ ti pa á kí ọjọ́ ikú rẹ̀ tó pé.

Ilẹ̀ tiẹ̀ tún le jù. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:9, nígbà tí omi wọ́jọ, ìyàngbẹ ilẹ̀ ló hàn. Kì í ṣe pé oòrùn pa ilẹ̀ náà. Ó kàn jẹ́ ibi tí kì í ṣe òkun ni. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ọ̀dá nìyẹn, tàbí ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀rùn ní tirẹ̀ kì í ṣe àjálù, ìgbà rẹ̀ ló dé. Nítorí náà, ẹ má kọ "àsìkò gbígbẹ" fún mi mọ́.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń kọ sí ara páálí oògùn: "Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ." Ibi tí kànga ti gbẹ ni àbí? Ibi tí kò ní ọ̀rinrin ni wọ́n ń wí. "Dry cough" náà, ikọ́ tí kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá ni, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn ni kí ẹ kọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé àpilẹ̀kọ kan "gbẹ jù". Ó fẹ́ sọ pé kò dùn ún kà. Mo bi í bóyá wọ́n ti sá a sóòrùn ni.