Bí backup kò bá rí fódà orí nẹ́tíwọ̀kì mọ́

Iṣẹ́ backup (ṣíṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́) tó ń lọ déédéé tẹ́lẹ̀ ṣàdédé sọ pé òun kò rí fódà, bẹ́ẹ̀ fódà náà ṣí wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sáfà (server, kọ̀ǹpútà tí fódà náà wà lórí rẹ̀). Àkójọ fódà tí ẹ yàn tí ẹ sì fi pamọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lẹ́tà dráìfù (bíi Z:, tí a fi ń pe fódà orí nẹ́tíwọ̀kì) ló máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù lórí Windows. Z: tí ẹ ń rí, ti ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí Task Scheduler (ètò Windows tó ń gbé iṣẹ́ dìde ní aago tí ẹ yàn) bá fi akáǹtì SYSTEM (ti Windows fúnra rẹ̀) gbé iṣẹ́ náà dìde ní aago 2 òru, kò sí Z: kankan lójú tirẹ̀. Bí ẹ bá fi "Run as administrator" ṣí ètò backup, Z: tún lè pòórá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kan náà lẹ wà nídìí rẹ̀. Ẹ yọ Z:\ kúrò nínú àkójọ náà, kí ẹ fi orúkọ tó pé rọ́pò rẹ̀, bíi \\server1\iwe.

Ẹni tó ṣì ń lo NTBackup (ètò backup àtijọ́) lórí Windows XP lè fi Notepad ṣí fáìlì .bks, tí àkójọ náà wà nínú rẹ̀, kó tún ojú ọ̀nà inú rẹ̀ kọ. Unicode ni kó fi pamọ́ sí o, kì í ṣe ANSI.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), kí ẹ tẹ net use \\server1\iwe. Nọ́ńbà àṣìṣe tó bá jáde yóò tọ́ka ibi tó ti ń dùn ún. 53: kò rí sáfà, bóyá ó wà ní pípa, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, tàbí firewall (ètò ààbò nẹ́tíwọ̀kì) dí port 445 (ojú ọ̀nà tí Windows fi ń pín fódà). Bí nọ́ńbà IP bá ṣiṣẹ́ tí orúkọ kò ṣiṣẹ́, DNS (ohun tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà IP) ni kí ẹ yẹ̀ wò. 67: ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ fódà tí a pín ló yàtọ̀. 1326: orúkọ tàbí páásíwọ̀dù kò bá ti sáfà mu. 5: sáfà mọ̀ yín, àmọ́ kò gbà yín láyè. Àyè méjì ló wà níbẹ̀, ti share (fódà tí a pín) àti ti NTFS (fáìlì lórí dísíìkì sáfà), èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló ń borí. 1219: ẹ ti fi orúkọ mìíràn wọ sáfà kan náà, net use \\server1\iwe /delete á já ìsopọ̀ àtijọ́ náà.

Bí ó bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín tí kò ṣiṣẹ́ lóru, ẹ wo "Do not store password" nínú Task Scheduler. Bí àmì bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò lè dé orí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ páásíwọ̀dù, ti àtijọ́ ni iṣẹ́ náà ṣì ń lò títí ẹ ó fi tẹ tuntun síbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í mú àṣìṣe kankan jáde. Bí ẹ bá ṣàmì sí àwọn fódà kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, fódà tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà lè má sí nínú backup láéláé, iṣẹ́ náà yóò sì máa sọ pé òun parí láyọ̀. Fódà ìyá ni kí ẹ yàn, kí ẹ wá yọ èyí tí ẹ kò fẹ́. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ fi backup dá fáìlì tuntun kan láti inú fódà tuntun padà sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí i.