Big 12, lígì básíkẹ́tì àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, sáà 2025-26: àwọn ọmọ tuntun pọ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tó padà ni mò ń wò

Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí ní oṣù Kẹjọ 2025, bọ́ọ̀lù kan wà tí kò kúrò lójú mi. 7 oṣù Kẹrin 2025, Alamodome ní San Antonio, fáìnàlì NCAA tournament, ìdíje àṣekágbá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Houston àti Florida. Florida ń fi póìǹtì méjì ṣíwájú, 65 sí 63, aago ti fẹ́ẹ̀ tán, Emanuel Sharp ti Houston fò sókè kó ju oní-póìǹtì mẹ́ta, ni Walter Clayton ti Florida bá já lé e lórí, ọmọ náà rí i pé tóun bá jù ú wọ́n máa gbá a padà sóun lójú, ló bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀. Kò sì lè fọwọ́ kàn án mọ́, torí travel ni wọ́n máa pè é, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ gbígbé bọ́ọ̀lù rìn. Bọ́ọ̀lù ń ta lórí pákó, Sharp dúró tì í, ó ń wò ó, aago sì tán. Houston tó ti fi póìǹtì 12 ṣíwájú nínú ìdajì kejì!

Ìlú Houston yìí ni mò ń gbé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí fóònù mi fi ń dún, bàbá mi ni, láti Ìbàdàn. Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán, wọ́n ní "Ṣé póìǹtì méjì náà tún ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já ni.

1983 ni wọ́n ń rò. Texas níbí ni bàbá mi ti kàwé nígbà náà, nígbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, tó jẹ́ pé handball àti gólìkípà ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé básíkẹ́tì lé e lọ́wọ́, ń ṣe bó ṣe wù ú ní Yunifásítì Houston. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra wọn ni wọ́n dé Final Four, ìyẹn tíìmù mẹ́rin tó kù kẹ́yìn, 1982, 1983, 1984. Fáìnàlì 1983, NC State 54, Houston 52, wọ́n fi dunk, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ rì sínú agbọ̀n, pa wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn, Ọlájùwọ́n ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù nínú Final Four ọ̀hún, ẹni tó pàdánù o! Ọdún tó tẹ̀ lé e, Georgetown tún nà wọ́n 84 sí 75. Ẹ wá ka ti 2025 mọ́ ọn. Fáìnàlì mẹ́ta, ife òfìfo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ sáà tó ń bọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lásán.

Tóò. Sáà 2025-26 máa bẹ̀rẹ̀ ní 3 oṣù Kọkànlá 2025. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tẹ̀ lé e, Big 12 kì í ṣe tíìmù méjìlá mọ́, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, Houston, BYU, Cincinnati àti UCF wọlé ní 2023, Arizona, Arizona State, Colorado àti Utah wá ní 2024. Méje nínú wọn ló wọ NCAA tournament tó kọjá. Eré tí tíìmù kọ̀ọ̀kan ń gbá pẹ̀lú àwọn ará inú lígì ti dín kù láti 20 sí 18, mo sì fara mọ́ ọn, torí lígì yìí máa ń lo àwọn ọmọ náà títí wọ́n á fi rẹ̀ tẹnutẹnu kí March tó dé.

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ báyìí ni àwọn ọmọ tuntun. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi. AJ Dybantsa wà ní BYU, Darryn Peterson wà ní Kansas, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń du ipò kìíní láàárín gbogbo ọmọ tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní Amẹ́ríkà lọ́dún yìí, lígì kan náà ni wọ́n sì já sí. Koa Peat wà ní Arizona. Houston fúnra wọn kó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú fáìnàlì yẹn. Duke ní Cooper Flagg, wọ́n ní Kon Knueppel, wọ́n ní Khaman Maluach ọmọ South Sudan, àwọn ọmọ tí wọ́n mú sínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní NBA draft (níbi tí lígì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ti ń yan ọmọ tuntun) ni gbogbo wọn. Wọ́n ń fi póìǹtì mẹ́fà na Houston nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú-àáyá 35. Ta ló gba eré yẹn? J'Wan Roberts tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Houston ló dúró síbi free throw, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣe fáùlù sí, ó ju méjèèjì wọlé bí ẹni ń da omi sínú ìkòkò, eré sì parí ní 70 sí 67. Florida tó wá na Houston náà, àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ló gbé wọn débẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni mo máa ń wá tí mo bá ń wo tíìmù ní oṣù Kẹjọ.

Àwọn tó sì ní aṣọ tó tún ní àkísà ni Houston. Milos Uzan ti forúkọ sílẹ̀ fún draft, ó sì yọ ọ́ padà. Emanuel Sharp padà. Joseph Tugler padà, ọmọ tí apá rẹ̀ gùn débi tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò ní mọ ibi tí ọwọ́ ti yọ. Ẹ rántí eré Purdue ní Indianapolis: 60 sí 60, Uzan ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n, ó fún Tugler, Tugler dá a padà fún un kíákíá, Uzan gbé e sínú agbọ̀n, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá kan ó dín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n á ti ṣe irú ìyẹn ní práktíìsì kó tó lè rí bẹ́ẹ̀? Fresher ò lè mọ̀ ọ́n. Indianapolis náà, inú pápá ìṣeré kan náà, ni Final Four 2026 máa wà, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi rárá.

Àwọn ọmọ tuntun tí Kelvin Sampson, kóòṣì Houston, wá kó lé wọn lórí ni Kingston Flemings, point guard (ẹni tó ń darí eré), ọmọ San Antonio gan-an, Isiah Harwell tó mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, àti Chris Cenac Jr., ọmọ New Orleans, gíga bí òpó iná tó sì ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jínjìn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé LJ Cryer ti lọ, Roberts ti lọ. Cryer ló ń jẹ́ ká sinmi tí eré bá le. Sharp lè ju bọ́ọ̀lù, àmọ́ ó máa ń ní ọjọ́ tí agbọ̀n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tugler sì máa ń ṣe fáùlù ní kíákíá, tó bá ti di méjì kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Cenac la máa yíjú sí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Sampson ò ní fi ẹni tí ò mọ difẹ́ǹsì sílẹ̀ lórí pákó, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó. Lóṣù Kejìlá, ọmọ yẹn máa jókòó dáadáa. Lóṣù Kẹta, mo gbà pé á ti yàtọ̀.

Texas Tech ni mo fi tẹ̀ lé wọn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń bínú pọ̀. JT Toppin, ẹni tí wọ́n yàn ní eléré tó dára jù ní Big 12 lọ́dún tó kọjá, lè lọ NBA, kò lọ. Christian Anderson náà padà. Àwọn wọ̀nyí ń fi póìǹtì mẹ́sàn-án na Florida nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnu ọ̀nà Final Four ni wọ́n wà, eré bọ́ lọ́wọ́ wọn 84 sí 79. Ẹni tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sùn dáadáa, mo mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n tún mú Luke Bamgboye wá láti yunifásítì VCU, ẹni gíga tó máa ń pa bọ́ọ̀lù mọ́ni lọ́wọ́, mi ò sì ní láti túmọ̀ Bámgbóyè fún ẹnikẹ́ni níbí.

BYU. Mo wo Dybantsa ní U19 World Cup ní Lausanne, Switzerland, lóṣù Keje, Amẹ́ríkà na Jámánì 109 sí 76 nínú fáìnàlì, wọ́n fún un ní MVP, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù. (Anderson ti Texas Tech yìí náà ló ń gbá fún Jámánì lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà àwọn méjèèjì á tún fojú kanra.) Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ọmọ yẹn dára. Gígùn rẹ̀, bó ṣe ń gba fáùlù nígbà tó bá wù ú, kì í sáré, kì í fòyà. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fọkàn sí BYU kì í ṣe òun nìkan, Richie Saunders ló padà, Keba Keita ọmọ Mali ló padà láti máa kó ríbáǹdì (bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára agbọ̀n), wọ́n sì lọ mú Robert Wright, point guard, lọ́wọ́ Baylor. Kevin Young tó jẹ́ kóòṣì wọn ti ṣiṣẹ́ ní NBA, ó mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n sí ipò kẹta, mo sì lè jìyà rẹ̀.

Arizona ni mo fi sí ìkẹrin. Koa Peat gba ife ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ti níyàwó ńlé. Brayden Burries wá láti California. Lára àwọn àgbà, Jaden Bradley, Tobe Awaka, àti Krivas tí ìpalára fi jókòó ní sáà tó kọjá. Caleb Love ti lọ, àwọn kan ń yọ̀, èmi ò yọ̀, ẹni tó lè gba eré fún ẹ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ṣòro láti rí.

Kansas ńkọ́? Hunter Dickinson, Dajuan Harris, KJ Adams, Zeke Mayo, gbogbo wọn ti kó ẹrù. Flory Bidunga, ọmọ Kinshasa, wọ portal (ibi tí ẹni tó fẹ́ yí yunifásítì ti ń forúkọ sílẹ̀), ọkàn gbogbo èèyàn wọn fò, ó tún padà. Peterson lè ní póìǹtì 30 lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n tó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ta ló kù? Ìbéèrè mi nìyẹn. Ìkẹfà ni mo fi wọ́n sí, lẹ́yìn Iowa State tó ṣì ní Tamin Lipsey, Joshua Jefferson àti Momcilovic, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń pariwo orúkọ wọn, tí wọ́n á sì máa jí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ títí wàá fi fẹ́ lọ sílé. Àwọn yòókù, mo máa kọ tiwọn nígbà míì, yàtọ̀ sí Cincinnati tó mú Moustapha Thiam, ọmọ Senegal, ẹ ṣọ́ wọn.

Baylor ló kù, wọ́n sì ti wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Scott Drew, kóòṣì wọn, ṣófo pátápátá. VJ Edgecombe, wọ́n mú un ní ipò kẹta ní draft, Wright lọ BYU, àwọn tó kù parí tàbí wọ́n gba ọ̀nà tiwọn lọ, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Baylor lọ́dún tó kọjá tó máa wà lórí pákó lọ́dún yìí. Obi Agbim wá láti Wyoming, Cameron Carr wá láti Tennessee, Bodo Bodo ọmọ Cameroon wá láti High Point, Michael Rataj wá láti Oregon State. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè, ó yẹ kí n fi wọ́n sísàlẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n Tounde Yessoufou wà níbẹ̀. Ẹ kà á sókè. Faransé ló kọ ọ́ báyẹn, Túndé ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni, Santa Maria ní California ló ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, nígbà tó fi máa parí kò sí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan nínú ìtàn California tó ju bọ́ọ̀lù wọlé tó o. California o, kì í ṣe ìpínlẹ̀ kékeré! McDonald's All-American ni, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n yàn pé wọ́n dára jù ní Amẹ́ríkà. Àyà rẹ̀ gbòòrò, kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, á gba ìkọlù á sì tún jù ú wọlé. Mi ò mọ bó ṣe máa rí fún un láti ọ̀nà jínjìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú lígì yìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa dán an wò, gbogbo tíìmù máa fún un láyè kó máa jù ú láti òkèèrè. Àmọ́ mo rí ọmọ tí kì í jókòó wo ara rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí fún àwọn ọmọ àlejò bíi tirẹ̀. Láti 1 oṣù Keje 2025, lẹ́yìn tí adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ House tí àwọn eléré pe NCAA lóṣù Kẹfà, yunifásítì lè pín owó tó tó mílíọ̀nù $20.5 fún àwọn eléré wọn ní ọdún 2025-26. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, iṣẹ́ tó lè ṣe ní ààlà, nítorí náà ohun tó rọrùn fún ọmọ onílé di ọ̀rọ̀ lọ́yà fún ọmọ àlejò, tàbí kó máa sáré lọ sókè òkun lọ ṣe ìpolówó. Bọ́ọ̀lù kan náà, òógùn kan náà. Kò dáa, mo sì ń retí kí ẹnì kan tún un ṣe.

Mo fi Baylor sí ìkeje. Tó bá jẹ́ ọkàn mi ni mo fi kọ ọ́, á gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Houston, Texas Tech, BYU, Arizona, Iowa State, Kansas, Baylor. Mo ka á fún bàbá mi lórí fóònù ní àná. Wọ́n gbọ́ Houston, wọ́n ní àmín. Nígbà tí mo dé Baylor tí mo sọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n ní "Túndé wa?" Mo ní ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni sà. Wọ́n ní ṣèbí ìlú kan náà ni kó tó di pé òyìnbó fa ìlà. Wọ́n á wá kí wa tí ọdún bá yí, mo sì ti sọ fún wọn pé bí Baylor bá lè wá sí Fertitta Center, pápá Houston, nígbà tí wọ́n bá wà níbí, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni màá rà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ọmọ náà bá ti gba bọ́ọ̀lù, kí n má sọ pé kí àwọn má pariwo.